"Ọ̀nà àmì" kọ́, "ìtàtaré àrokò" ni: lórí bí sẹ́ẹ̀lì kantíkantí ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ tó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè bi wá léèrè ohun tí a lè máa pe "cell signalling pathway", ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn. Èsì méjì ló ti wọlé: "ọ̀nà àmì sẹ́ẹ̀lì" àti "ìfàṣẹránṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì". Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ẹyin kantíkantí ni mo fi wọ̀n wọ́n.

Kantíkantí ni mo pè é o, n kò pè é ní eṣinṣin èso. Eṣinṣin tó ń gún máńgòrò lára, tó ń yé sínú rẹ̀ tí ìdin fi ń bà á jẹ́, ìdílé tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí Thomas Hunt Morgan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ìjogún, ń sìn nínú ìgò ní Yunifásítì Columbia, tó fi rí olójú funfun láàárín wọn ní 1910, Drosophila ni, ìyẹn èyí tó máa ń rábàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù àti lẹ́nu agbè ẹmu. Gẹ̀ẹ́sì da àwọn méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, "fruit fly". Kí ló wá kàn wá níbẹ̀?

Ó yá, "ọ̀nà". Ohun tó ń rìn ló nílò ọ̀nà. Notch àti Delta ńkọ́, àwọn purotéènì méjì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ara awọ sẹ́ẹ̀lì kan ni Delta lẹ̀ mọ́, ara awọ sẹ́ẹ̀lì kejì ni Notch wà. Àfi kí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì fara kanra kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn. Bí Delta bá ti di Notch mú, wọ́n á gé Notch, apá rẹ̀ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á já, òun fúnra rẹ̀ á sì wọ kókó sẹ́ẹ̀lì (nucleus) lọ láti jí àwọn jíìnì (gene) mìíràn. Báyìí ni sẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ́ di ti iṣan ìmọ̀lára ṣe ń dá àwọn aládùúgbò rẹ̀ lẹ́kun, kí wọ́n lè di awọ ara. Ọlẹ̀ tí kò ní Notch rárá á sọ sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di awọ di iṣan ìmọ̀lára, kò sì ní yè. Ọ̀nà wo lẹ rí níbẹ̀?

"Ìfàṣẹránṣẹ́" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ kì í yí ìtumọ̀ padà láti ilé kan dé èkejì. Wingless, purotéènì mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́, ń yí i padà. Lára awọ ọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó bá gba Wingless á ya awọ dídán, èyí tí kò bá rí i gbà á hu ẹ̀gún wẹ́wẹ́. Tó bá wá di ìdin, níbi tí ìyẹ́ yóò ti jáde lára rẹ̀, Wingless yìí kan náà ló ń sọ ibi tí etí ìyẹ́ yóò wà. Purotéènì ọ̀hún ò yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó gbà á ló yàtọ̀.

Òun ló gbé mi dé ìdí àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà, fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ọkàn mi fà sí ọ ni. Mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, owó lásán ni. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ohun tí yóò fi gba Wingless ò yàtọ̀ sí ẹni náà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àwọn ọmọ á máa ṣi àrokò mú fún àròkọ tí wọ́n ń kọ nílé ìwé. Àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wà fún irú èyí, ẹ jẹ́ ká lò ó. Bí ẹlòmíràn bá ní àrokò máa ń rìnrìn-àjò, tí Delta kì í sì í kúrò lójú kan, kó pe Delta ní àálè. N kò ní bá a jà, torí "má fọwọ́ kàn án" náà ló kúkú ń sọ.

Ìtàtaré ló wá gba ipò "pathway", torí láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Ẹ wo Hedgehog, purotéènì mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á ní Patched, Smoothened àti Ci, purotéènì ni gbogbo wọn. Patched ló ń dá Smoothened dúró. Hedgehog á dé, á lẹ̀ mọ́ Patched, Smoothened á sì bọ́. Bí Smoothened bá ti bọ́, wọn ò ní gé Ci kúrú mọ́. Odidi Ci á wọ inú kókó, á sì jí jíìnì wingless. Wingless á tún jáde padà sọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó fi Hedgehog ránṣẹ́, kí jíìnì engrailed má bàa sùn níbẹ̀. Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù ni pé adánidúró ni àrokò náà lọ dá dúró.

"Ìdàgbàsókè" tí wọ́n fi ń túmọ̀ "development" náà ò bá mi lára mu níbí. Ìgbà 13 ni kókó ń pín nínú ẹyin náà kí awọ sẹ́ẹ̀lì tó pààlà sí wọn láàárín, bẹ́ẹ̀ ẹyin ọ̀hún ò tóbi sí i. Títo ara ni wọ́n ń ṣe. "Ìtò ara" tó fún mi.

Ní ti àbá pé ká pe hedgehog, tó jẹ́ orúkọ ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ní òòrẹ̀, mo lòdì sí i. Orúkọ àbùkù ni wọ́n ń sọ jíìnì kantíkantí. Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus ba àwọn jíìnì jẹ́ ní Heidelberg, ní Jámánì, wọ́n wo bí ìdin ṣe rí, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1980. Àwọn àti Edward Lewis ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995. Ìdin tí hedgehog rẹ̀ bàjẹ́ ló kúrú, tí ẹ̀gún bò. Èyí tí tirẹ̀ pé ò rí bẹ́ẹ̀. Wingless ńkọ́, tó túmọ̀ sí "aláìní ìyẹ́", tó jẹ́ pé kì í jẹ́ kí kòkòrò ṣaláìní ìyẹ́? Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, òdìkejì iṣẹ́ rẹ̀ ni ọmọ máa gbọ́. Ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Gbólóhùn tí màá fún olùkọ́ náà nìyí: "Nínú ẹyin kantíkantí, sẹ́ẹ̀lì a máa fi àrokò ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀, agbàrokò tó wà lára awọ aládùúgbò náà á gbà á, á sì tàtaré rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn jíìnì inú kókó." "Agbàrokò" nìkan ni kò tíì dùn tó létí mi. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó mú un wá.