Ìbéèrè alaalẹ́ lórí WhatsApp: kí la lè ṣe kí àríyànjiyàn dín kù?

Ará Ìtòkò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan níbí ń ṣe ìdíje ìbéèrè lórí WhatsApp lálaalẹ́, ìbéèrè márùn-ún, ìròyìn àti ìtàn ìlú pọ̀. Ẹni tó bá gba máàkì jù lọ́sẹ̀ ló ń gba káàdì ìpè. Póòlù WhatsApp, níbi tí kálukú ti ń tẹ ìdáhùn tó bá yàn, la ń lò. Àmọ́ àwọn kan ń wo ìdáhùn ẹlòmíì kọ, ìbéèrè míì sì ń ní ìdáhùn méjì, tí kálukú á di tirẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa tò ó?

Olùkọ́ Ìbarà
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ póòlù ṣì kéré. Bí ẹ ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ ni ìjà ti ń wá. Ìbéèrè tó bá ní ìdáhùn méjì, kò sí ádímìn tó lè dá ẹjọ́ rẹ̀ tí ẹnì kan ò ní bínú. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ wá fi han ẹnì kan tó lè jiyàn rẹ̀.

Ẹ wo "Ọba mélòó ló wà ní Abẹ́òkúta?" Ẹnì kan á ní mẹ́rin: Aláké, Oṣilẹ̀, Àgùrà àti Olówu. Ará Ìbarà á ní Olúbarà ńkọ́? Kò sì parọ́, torí inú ìlú yìí náà ni Ìbarà wà. Ẹ kúkú béèrè pé "Kí ni orúkọ oyè ọba Òkè-Ọnà?" Oṣilẹ̀ ni, ibẹ̀ ò ní àmọ́ nínú. "Ọmọ Abẹ́òkúta wo ló ti ṣe olórí Nàìjíríà?" náà ò dáa. Ọbásanjọ́ lẹnu gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ lọ bá, ṣùgbọ́n Ernest Shonekan ló darí ìjọba fìdíhẹ ní 1993.

Ẹ má béèrè ọjọ́ tí *Ìwé Ìròyìn*, ìwé ìròyìn Yorùbá ti míṣọ́nnárì Henry Townsend, kọ́kọ́ jáde. Ìwé kan á ní 23 oṣù Kọkànlá, òmíràn á ní 3 oṣù Kejìlá. Ọdún ni kí ẹ béèrè, 1859, wọn ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Bákan náà, ẹ má kọ ọ́ pé Ṣóyínká ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel. Albert Luthuli ti South Africa ti gba ti àlàáfíà ti 1960. Ti lítíréṣọ̀ ni Ṣóyínká gbà ní 1986, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nídìí rẹ̀. Ẹ fi "aláwọ̀ dúdú" àti "lítíréṣọ̀" sínú ìbéèrè, ó parí.

Etí Rédíò
Ti ìròyìn ló le jù, torí ìdáhùn àná lè di irọ́ lónìí. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ ló ń kó bá àwọn èèyàn. Ó ṣì ń sọ pé 29 oṣù Karùn-ún ni Àyájọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, bẹ́ẹ̀ láti 2019 ni wọ́n ti ń ṣe é ní 12 oṣù Kẹfà. Orin orílẹ̀-èdè náà yí padà ní oṣù Karùn-ún 2024, ti 1960 ló padà wá.

Ìròyìn tí ẹ bá máa lò, kí ẹ gbọ́ ọ níbi méjì tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn, kí ẹ sì wo déètì rẹ̀, torí ìròyìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ń yí kiri bí ẹni pé àárọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi ikú ẹnikẹ́ni ṣe ìbéèrè. Ẹ má béèrè iye owó lítà epo bẹntiróòlù, torí ó yàtọ̀ láti ilé epo kan sí èkejì. Kóńgò mélòó ló wà nínú àpò gàrí? Ìyẹn náà dà bẹ́ẹ̀: ọlọ́jà kan ń wọ̀n ọ́n kún dé òkè, èkejì ń fi ọwọ́ gé e.

Onífóònù Láfẹ́ńwá
Ẹ pa póòlù tì. Nínú gúrúùpù, gbogbo èèyàn ń rí ẹni tó yan kí ni, ẹni tó sì ti yàn lè yí i padà. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn, ẹ ti gúrúùpù pa fún ọ̀rọ̀ ádímìn nìkan ní aago mẹ́jọ, kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ádímìn níkọ̀kọ̀, kí ẹ ṣí i ní 8:20. WhatsApp gba kéèyàn tún ọ̀rọ̀ kọ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ìdáhùn tí "Edited" bá wà lára rẹ̀, ẹ má kà á.

Èyí tó dáa jù ni Google Forms, fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan "Make this a quiz", kí ẹ sì yan "Later, after manual review". Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn á rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, á sì pín in fún ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá so ó mọ́ Google Sheets, tábìlì tí ìdáhùn ń tò sí, àkókò tí kálukú fi ránṣẹ́ á hàn dé ìṣẹ́jú àáyá. Ibì kan ṣoṣo ló ti ń kọsẹ̀ fún Yorùbá: àpótí ìdáhùn kúkúrú ń wo lẹ́tà. Bí ẹ bá fi "Aláké" ṣe ìdáhùn, tí ẹnì kan kọ "Alake", òdo ló máa fún un. Ẹ kọ méjèèjì sí ìdáhùn tó tọ̀nà, tàbí kí ẹ lo ìbéèrè a-b-d, tí èèyàn á kàn yan ọ̀kan.

Ará Ìtòkò
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí èèyàn méjì bá wá gba máàkì kan náà lópin ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Olùkọ́ Ìbarà
Ẹ má fi ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn yanjú ẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àdúgbò kan ò jọ ti èkejì. Ìbéèrè oníye ni kí ẹ lò, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù gbé e, kí ẹ fún wọn ní ìdajì ìṣẹ́jú. Bí àpẹẹrẹ: láti 3 oṣù Kejì 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, sí 1 oṣù Kẹwàá 1979, ọjọ́ mélòó? Ìdáhùn rẹ̀ ni 1,336, bí ẹ kò bá ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ẹ kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn síbẹ̀ o, torí òǹkà Yorùbá ń ka ọjọ́ tí a wà. Òní, ọ̀la, ọ̀tunla, ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn lẹ́nu wa. Ìdí nìyẹn tí ọjà ọrún, tí a ń pè ní ọlọ́jọ́ márùn-ún, fi ń bọ́ sí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin lórí kàlẹ́ńdà.

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un. "Kí ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ?" Ìyẹ́ adìyẹ ni, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń tì í bọ̀. Ẹ má gbàgbé "ẹlẹ́kọ" o. Tí ẹ bá kọ "àdìrẹ" lásán, ẹnì kan á ní àbẹ́là, ẹlòmíì á ní fóòmù, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Ìtòkú báyìí.