Gírìlì oníná tí ọ̀rá jó mọ́: báwo ni mo ṣe lè fọ̀ ọ́ láìba irin rẹ̀ jẹ́?

Aláyan Ajílósùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ajílósùn, ní Adó-Èkìtì, níbi tí mo ti ń yan adìẹ àti ẹja fún àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gírìlì oníná tí à ń gbé ka orí tábìlì ni mo ń lò, irú èyí tó ní ìdérí, tí irin òkè àti tìsàlẹ̀ jọ ń yan ẹran lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná lọ nígbà tí ẹran ṣì wà lórí rẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kó ẹran kúrò, ṣùgbọ́n kò yọ wáyà rẹ̀, a sì ti ìsọ̀. Òru ni iná dé. Nígbà tí a ó fi ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èéfín ti kún inú ìsọ̀, ọ̀rá adìẹ àti oyin tí mo fi ń pa á lára sì ti di èépá dúdú líle mọ́ irin náà.

Mo ti fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí, kò ṣí. Ẹnì kan ní kí n rì í sínú omi gbígbóná, ẹlòmíràn ní kí n fi ọ̀bẹ ha á. Irin rẹ̀ kò ṣe é yọ, awọ dúdú dídán tí kì í jẹ́ kí ẹran lẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Owó tí mo fi rà á kì í ṣe kékeré. Kí ni kí n ṣe?

Atúnnáṣe Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ewu o, mà. Ìsọ̀ ì bá ti jóná pátápátá.

Ẹ má rì í sínú omi rárá. Wáyà àti ohun tó ń darí ooru rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀, omi tó bá sì wọ ibẹ̀ lè mú kí iná gbé ènìyàn nígbà tí ẹ bá tún tàn án, bí ìta rẹ̀ tilẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀bẹ àti kànrìnkàn onírin yóò bó awọ dúdú yẹn, kò sì sí bí a ṣe ń dá a padà nílé.

Ọ̀rá tí ooru bá wà lórí rẹ̀ pẹ́ kì í ṣe ọ̀rá mọ́: á gbẹ, á le bíi fáníìṣì ara àga, ṣúgà inú oyin á sì di èédú. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ nìkan kò fi ràn án. Ohun tó ń tú u ni ìlọ́wọ́ọ́rọ́, omi díẹ̀ àti sùúrù. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kí ẹ sì yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri kí ẹ tó fi omi kàn án. Ẹ rẹ tówẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sínú omi gbígbóná tí ẹ kán ọṣẹ olómi sí, ẹ fún un dáadáa kí ó má baà máa kán, ẹ tẹ́ ẹ sórí irin ìsàlẹ̀, kí ẹ wá pa ìdérí dé kí irin òkè náà lè bà á. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20, oru omi á rọra wọ abẹ́ èépá náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ nù ún.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ po ṣíbí bekin-sódà 3 mọ́ ṣíbí omi 1, ẹ fi kùn ún, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún bí ààbọ̀ wákàtí, torí pé bí ó bá ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Fún àárín ìlà irin náà, ọparun tí ẹ bá gé pẹlẹbẹ ló dára jù, ó le tó láti ha èépá, kò sì le tó láti ha awọ. Ẹ má retí pé ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo rẹ̀ máa ṣí.

Màmá Ìjerò

Ọmọ mi, kí ni gbogbo wàhálà yìí? Omi eérú èèpo kòkó ni kí o wá, èyí tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Kò sí ọ̀rá tó lè dúró níwájú rẹ̀. Rẹ aṣọ sínú rẹ̀, kí o tẹ́ ẹ sórí irin náà di ọjọ́ kejì. Bí o kò bá rí i, da fínígà lu bekin-sódà kí ó máa hó.

Tíṣà Ọyẹ́

Ìyá wa, ẹ kú àdúrótì. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa omi eérú kòkó: ó ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, bí ó bá sì jẹ́ pé ìkòkò irin tó wúwo ni, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ló sábà máa ń wà lábẹ́ awọ dúdú gírìlì bẹ́ẹ̀, omi eérú tó le sì máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ibi tí awọ náà bá ti bó ni yóò gbà wọlé, irin náà á dúdú, á sì máa lu ihò wẹ́wẹ́. Bákan náà ni kọ́ọ́sìtìkì sódà àti ọ̀pọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n ń fọ́n sínú ààrò òyìnbó.

Ní ti fínígà àti bekin-sódà, híhó wọn dùn ún wò, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n ń bá jà níbẹ̀. Fínígà kan lẹ́nu, bekin-sódà jẹ́ òdì rẹ̀, ohun tó sì ṣẹ́kù lẹ́yìn híhó náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi oníyọ̀. Ẹ lo bekin-sódà ná, ẹ nù ún mọ́, bí àbàwọ́n funfun bá wá kù, kí ẹ fi fínígà díẹ̀ tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún.

Ẹ yẹ awọ náà wò dáadáa pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ Teflon, láti nǹkan bí 260°C ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín rẹ̀ nígbà náà kò sì dára fún ènìyàn láti fà símú. Ó tilẹ̀ máa ń pa ẹyẹ inú àgò.

Aláyan Ajílósùn

Ẹ ṣeun gan-an, Màmá náà ẹ ṣeun. Ti tówẹ́ẹ̀lì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, omi tó jáde lára rẹ̀ dà bíi kọfí. Irin ìsàlẹ̀ ti mọ́, àfi ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìdérí ti ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní àárín irin òkè, awọ dúdú náà ti ṣí ní ibì kan tó fẹ̀ tó orí àtàǹpàkò, etí rẹ̀ sì ń gbé sókè. Ṣé mo ṣì lè máa fi yan ọjà?

Atúnnáṣe Ìkẹ́rẹ́

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jẹ ẹ́, mo lè ní kí ẹ máa lò ó díẹ̀díẹ̀, torí awọ bíbó tí ènìyàn bá ṣèèṣì gbé mì sábà máa ń jáde bó ṣe wọlé ni. Ti ọjà yàtọ̀. Etí tó ti gbé sókè kò ní dúró, yóò máa bó sára ẹran oníbàárà, ibi tó sì ti bó ni ẹran á tún máa lẹ̀ mọ́ tí á máa jó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ fi èyí sílé, kí ẹ sì wá òmíràn tí irin rẹ̀ ṣe é yọ fọ̀.

Kí ẹ tó tún tan èyí pàápàá, ẹ wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ àti ihò ara ògiri tí ẹ fi í sí. Bí ike ibẹ̀ bá ti yọ́ tàbí tó ti pọ́n, ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Oyin náà, ìgbà tí adìẹ bá kù díẹ̀ kó jinná ni kí ẹ máa fi pa á lára.