Oníbàárà mi ní lógò tí mo yà ṣófo jù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìyá kan tó ń ta àmàlà n'Íbàdàn ní kí n ya lógò fáwọn. Ìkòkò dúdú kan ṣoṣo ni mo yà. Wọ́n ní ó ṣófo jù, kí n fi ọmọrogùn, ewédú, gbẹ̀gìrì àti nọ́ńbà fóònù wọn sí i. Mo ṣe é. Nígbà tá a tẹ̀ ẹ́ sára ike oúnjẹ kékeré, àfi bíi tàdáwà tó dà sílẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé lógò Apple, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ti 1976, Newton onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀. Nígbà tó di 1977, èso tí wọ́n gé jẹ nìkan ló kù. Wọ́n ní àwọn ò ta èso (ẹ má rẹ́rìn-ín). Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé tí ò ní jọ pé mò ń kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́?