Iná ọ́ìlì kì í tètè kú láàárọ̀ láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ fíltà fúnra mi

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Camry 2000 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.2. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Kò já mi kulẹ̀ lọ́nà rí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ló máa bàjẹ́ sí.

Sátidé tó kọjá ni mo fi jáàkì gbé e nínú ọgbà ilé wa. Mo da ọ́ìlì àtijọ́ sí bèsìn, mo tú fíltà, mo nu ojú ibi tó ń jókòó sí, mo fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun lára, mo fi ọwọ́ dè é. Ọ́ìlì 20W-50 tí bàbá mi máa ń lò náà ni mo rà. Lítà 3.6 ló gbà pẹ̀lú fíltà, èyí tó kù wà nínú kẹ́gì. Mo fa gééjì yọ, ó pé. Kò jò níbì kankan.

Àmọ́ tí mo bá tan mọ́tò láàárọ̀, iná pupa ọ́ìlì yẹn máa ń dúró tó sẹ́kọ́ǹdì 8. Tẹ́lẹ̀, kí n tó mú ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ló ti kú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orí ẹ́ńjìnnì á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni ń fi ṣíbí lu àwo, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Tí mo bá pa á díẹ̀ lọ́sàn-án tí mo tún tan án, kò ní dún rárá. Àárọ̀ nìkan ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ lọ bá màmá mi kó gaàrí wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣé kí n lọ? Aládùúgbò wa kan ní pọ́ǹpù ọ́ìlì ló ti kú, kí n máa wá owó ẹ́ńjìnnì tọ́kúnbọ̀. Mi ò rí oorun sùn lánàá.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí fíltà yẹn dáadáa. Èmi, rọ́bà fíltà àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá mi ṣe é ò rí i, ó de tuntun lé e lórí. Kí n tó dé Odògbolú, ọ́ìlì ti dà sílẹ̀ tán. Iná yẹn tàn, mo ní kí n ṣáà délé ná. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò yè é. Jọ̀wọ́, tí ó bá tàn nígbà tí o ń lọ lójú ọ̀nà, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o pa á lójú ẹsẹ̀.

Wálé Ọlọ́kọ̀

Da ọ́ìlì tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Iná á kú.

Mẹkáníìkì Ṣàgámù

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ má da ọ́ìlì tó ki sí i o. Bó ṣe ń ki sí i ni yóò ṣe máa pẹ́ sí i kó tó gun orí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, orí yẹn ló sì ń ké yẹn.

Iná yẹn ò wọn bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í ló ń wò, ìdí nìyẹn tí gééjì fi lè pé kí iná sì tàn. Tó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù ti rẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó ń sáré díẹ̀díẹ̀ lẹ máa rí iná, torí pé ọ́ìlì ti ṣàn nígbà náà. Tiyín, àárọ̀ nìkan. Fíltà ni mo fura sí.

Ẹ̀gbẹ́ ni fíltà 2.2 yẹn dùbúlẹ̀ sí. Èyí tó dáa ní awẹ́ rọ́bà kan nínú tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sí ìsàlẹ̀ tí ẹ bá pa mọ́tò. Tí kò bá sí i, fíltà á gbẹ mọ́jú, pọ́ǹpù á sì kọ́kọ́ kún un kí ọ́ìlì tó dé òkè. Ẹ yọ ọ́ lónìí. Ẹ yọjú wo àwọn ihò kéékèèké tó yí ojú rẹ̀ ká, ẹ fi igi ìtayín tẹ ẹ̀yìn wọn: rọ́bà ló yẹ kó ta yín lọ́wọ́.

Tí ẹ bá de òmíràn, ẹ yọ fíùsì EFI (èyí tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo bẹntiróò) kí mọ́tò má bàa tàn, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì fún sẹ́kọ́ǹdì mélòó kan, kó sinmi, kí ẹ tún yí i, títí iná á fi kú. Ẹ wá dá fíùsì padà. Ẹ má tẹ tọ́tù o. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e wá kí n tú swíìṣì ọ́ìlì tó ń tan iná yẹn, kí n fi ojúlówó gééjì wọ̀n ọ́n. Tó bá gbóná tán, agbára ọ́ìlì kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju psi 4 lọ lórí ìdúró, ìyẹn tí ẹ ò bá tẹ tọ́tù. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kó ju 36 lọ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀gá mi, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Igi ìtayín wọlé ṣúẹ́, kò kan nǹkan kan. Mo fi ayùn irin la fíltà yẹn sí méjì: páànù àti bébà lásán ni. Mo la ti àtijọ́ tí bàbá mi rà, rọ́bà wà níbẹ̀, ó ṣì ń tẹ̀.

Mo ra òmíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti fi igi tẹ ẹ́ wò kí n tó sanwó. Àárọ̀ mẹ́ta rèé, iná ń kú kíá, orí ẹ́ńjìnnì ò dún mọ́. Lánàá tí ẹ bá mi wọ̀n ọ́n, 14 lórí ìdúró, 52 ní 3000, ẹ̀yin náà fojú rí i. Mo ti sọ fún màmá mi pé a ń lọ lọ́la.

Ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú bèsìn. Kí ni kí n ṣe sí i?

Mẹkáníìkì Ṣàgámù

Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́gì mìíràn tó ṣófo, ẹ dé e pa, ẹ gbé e wá ní Mọ́ńdè. Ẹni tó ń ra ọ́ìlì àlòkù máa ń wá síbí.