Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi: ẹ fa omi rẹ̀ tán kí yìnyín tó dé

Ará Michigan: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ni, V6, omi adágún ló fi ń tu ara. Ṣé kí n kàn gbé bákẹ́ẹ̀tì antifreeze (omi tí kì í tètè dì) sí i kó fà á mu, kí n sì pa á?

Ọmọ Ìbàdàn, Minnesota: Rárá o, àbúrò. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ba block (odindi irin ara ẹ́ńjìnnì) jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á ti pa ọ̀nà. Antifreeze á gba exhaust (ọ̀nà èéfín) jáde, o ó rí i pé ó ń dà, ọkàn rẹ á balẹ̀, omi adágún á sì wà nínú block síbẹ̀. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ ní nǹkan bíi 9%. Irin ò lè gbà á, ńṣe ló máa là.

Fa omi jáde ná. Tú ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ block lọ́tùn-ún lósì, tú ti exhaust manifold méjèèjì, kí o sì yọ họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ lẹ́nu pọ́ǹpù. Bí ihò kan ò bá da omi, má rò pé ó ti gbẹ: èérún irin tó dípẹtà ló dí i. Fi wáyà gún un títí omi á fi dà. Lẹ́yìn náà ni kó o wá gba ẹnu họ́ọ̀sì ńlá ara thermostat da antifreeze sí i títí á fi kún.

Propylene glycol ni kó o rà. Ethylene glycol tí wọ́n ń lò fún mọ́tò, májèlé ni fún ajá. Má sì bu omi mọ́ ọn o! -50°F tí wọ́n kọ sára jálá, ìwọ̀n tí páìpù ò fi ní bẹ́ ni. Antifreeze náà á ti ki bí ọ̀gì tipẹ́tipẹ́ kí òtútù tó débẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ontario: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti outboard (ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀) kún un. Tó bá wà ní ìnàró, ó ń da omi ara rẹ̀ nù. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà sókè, òjò á wọ ibi pirọpẹ́là, á dì, á sì fọ́ irin. Ẹ yí gear oil rẹ̀ náà: tó bá ti funfun, omi ti wọlé, síìlì ti jẹ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fa tuntun wọlé títí á fi yọ lókè. Ihò òkè lẹ ó kọ́kọ́ dí, wáṣà tuntun sì ni o.

Ará Michigan: Ẹ ṣé gan-an, mà. Epo ńkọ́?

Ọmọ Ìbàdàn, Minnesota: Ìyẹn ṣáájú fífa omi. Da stabilizer (oògùn tí kì í jẹ́ kí epo tètè bàjẹ́) sí táńkì níwọ̀n tí ìgò wí, so họ́ọ̀sì omi mọ́ ọn, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 kó lè dé injector tó ń fọ́n epo. Ethanol (ọtí) inú E10, epo tí wọ́n fi ethanol 10% lú, ń fa omi mọ́ra. Tó bá pọ̀, á ya kúrò lára epo, á rọ̀ sísàlẹ̀ táńkì níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mu. Bó ṣe gbóná yẹn ni kó o yí ọ́ìlì àti filter, torí ásíìdì inú ọ́ìlì àlòkù ń jẹ bearing. Bátìrì, gba iná sí i kó kún: èyí tí iná rẹ̀ ti tán lè dì ní nǹkan bíi -7°C.

Ìyá Ìbejì, Ontario: Kẹ́ ẹ sì so ìwé mọ́ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ìdérí tẹ́ ẹ tú síbẹ̀.