Ọlidé ti dé, ọmọ mẹ́ta ń bẹ nílé: kí la lè jọ gbìn, kí la sì lè jọ ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé-ìwé ti gba ọlidé, ó di inú oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó wọlé. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 6, àwọn ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún 3. Aránṣọ ni mí, iwájú ilé ni mo ti ń ránṣọ. Ojú mi wà lára wọn, ọwọ́ mi ló dí. Owó lẹ́sìn ọlidé ga ju agbára wa lọ, n kò sì fẹ́ kí wọ́n tẹjú mọ́ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́.

Èyí àgbà ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ gbin nǹkan tí òun máa jẹ. Ilé rẹ́ǹtì là ń gbé, sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá, àfi ibi tóóró kan lẹ́yìn ilé ìdáná tí oòrùn máa ń dé láàárọ̀. Kí ló lè yá kí wọ́n tó wọlé padà? Kí sì ni àwọn ìbejì lè máa ṣe tí kò ní di iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Sìmẹ́ǹtì kò dí yín lọ́wọ́ rárá. Ẹ wá àpò ìrẹsì tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ti jò. Ẹ gé orí kẹ́ẹ̀gì náà kúrò, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdí rẹ̀ káàkiri. Ẹ má fojú kékeré wo ihò yẹn o. Òjò kì í ṣeré lásìkò yìí. Bí omi bá dúró síbẹ̀, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á pọ́n, ó parí nìyẹn. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́ dáadáa. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó ẹ̀fọ́.

Tẹ̀tẹ̀ ló yá jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ ti lè máa jẹ ẹ́. Ewédú á tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ má tíì gbin ilá tàbí àgbàdo fún ọmọ tó ń kánjú, ilé-ìwé á ti wọlé kí wọ́n tó gbó.

Èèpo hóró ewédú le. Bí ẹ bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa hù. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ fà á yọ, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ kan omi gbígbóná. Èyí àgbà ló máa dúró lọ́ọ̀ọ́kán, táá máa kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, kí gbogbo rẹ̀ má baà ṣù sójú kan nígbà tí ọmọ bá ń fọ́n ọn.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ má bínú, lójú tèmi ìgbẹ́ adìyẹ kò yẹ kó kan ọwọ́ ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí Màmá po ilẹ̀ náà tán kí wọ́n tó pè wọ́n síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣe tán, ọṣẹ àti omi, abẹ́ èékánná náà.

Ìyá Ìbejì, ẹ wo gbogbo àyíká yín bóyá wọ́n fi lápálápá ṣe ọgbà. Èso rẹ̀ máa ń wu ọmọdé jẹ, wọ́n á rò pé ẹ̀pà ni. Májèlé ni. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ kíákíá, ẹ má dúró ṣe àgbo.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi omi ṣeré, ọ̀sán ni, nígbà tí oòrùn bá yọ, torí oṣù Kẹjọ máa ń tutù. Ẹ dúró tì wọ́n, kẹ́ ẹ sì da omi nù bí wọ́n bá ti ṣeré tán. Omi tó wà nínú korobá lásán tó láti mu ọmọ ọdún 3. Èyí tó bá sì dúró fún bí ọ̀sẹ̀ 1, ẹ̀fọn ti ń jáde nínú rẹ̀ nìyẹn.

Màmá Olùkọ́, Ìsẹ́yìn

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ wọn sì ká mi lára. Ọmọ ọdún 3 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àti eré. Má wulẹ̀ wá eré mìíràn kiri. Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, bu díẹ̀ fún wọn níbẹ̀.

Aránṣọ ni ọ́, àbí? Da àṣẹ́kù aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa ṣà á: pupa síhìn-ín, funfun sọ́hùn-ún. Kí o sì gbé abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí sókè. Bí o bá fẹ́ se ẹ̀wà, da ife kan sórí àtẹ kí wọ́n bá ọ ṣà á. Ibẹ̀ ni kí o ti pa á lálọ̀ọ́ fún wọn: "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Má sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹ̀wà ọwọ́ wọn títí ẹnì kan á fi rí ojú dúdú yẹn, inú rẹ á dùn lọ́jọ́ náà.

Mú hóró díẹ̀ nínú ẹ̀wà yẹn, fi òwú tútù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife gíláàsì, kó hàn síta. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, wọ́n á rí gbòǹgbò funfun tó ń lọ sísàlẹ̀ kí ewé tó yọ rárá. Àwọn ìbejì ò ní lè dúró de ewédú, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró de èyí.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Òṣogbo

Kí èyí àgbà mọ ayò. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò 12 sínú ilẹ̀, ọmọ ayò 4 nínú ìkọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Ìṣirò gidi ni. Ẹ kó ọmọ ayò náà pa mọ́ tí wọ́n bá ta tán o, kí ìbejì má gbé e mì.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gidigidi. Màmá, ọ̀rọ̀ àṣẹ́kù aṣọ yẹn wọ̀ mí lára, lónìí ni màá bẹ̀rẹ̀. Bàbá, tí òjò bá dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ ńkọ́? Kí ni mo sì lè gbìn sí àpò kan fún àwọn ìbejì, tí kò ní kú bí wọ́n bá ń fọwọ́ fà á?

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ lu ihò wínníwínní sí ìdérí ike omi, òun ni kí wọ́n máa fi wọ́n ọn. Bí wọ́n bá fi ife dà á, hóró á ṣàn lọ. Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé, ẹ gbọn eérú sí i láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ewé náà dáadáa kẹ́ ẹ tó sè é. Ewédú tó bá ti ga, ẹ má hú u, gígé ni, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ìdí kù, á tún rúwé.

Ti àwọn ìbejì, gbúre ni. Ẹ má wá hóró rẹ̀ kiri. Èyí tí ẹ bá rà lọ́jà, tí ẹ bá já ewé rẹ̀ tán, igi rẹ̀ ni kí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹyọ kan fún Táíwò, ẹyọ kan fún Kẹ́hìndé. Bí wọ́n bá fà á yọ, ẹ tún un rì. Á mú. Tí ẹ bá rí ewé tó ń pọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e síbí, màá wò ó.