Ìwé mi ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ èmi alára

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní kí kálukú àwa apoògùn sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì, ọdún kan ní ọsibítù, ọdún kan sí i gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Nígbà tí mo padà sílé lọ́dún 2023, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lápá Tàkíé ránṣẹ́ pè mí. ₦400,000 lọ́dún. Mo béèrè aago tí n ó máa dé ibi iṣẹ́. Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu, mà. Ìwé àṣẹ apoògùn yín la máa gbé kọ́ ògiri. Bí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀, a ó pè yín.”

“Register and go” là ń pè é. N kò dá àwọn tó ń gbà á lẹ́bi, torí owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó dúró ṣiṣẹ́ kò tó jẹun. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ń tajà bá gbé oògùn tí kò yẹ fún aláboyún, orúkọ mi ló wà lára ògiri. Mo kọ̀.

Ibòmíì ni mo lọ, ₦90,000 lóṣù, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbà kan wọlé, ẹsẹ̀ wọn wú débi pé sálúbàtà ni wọ́n wọ́ wá. Oògùn tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa tọ̀ dáadáa ni wọ́n fẹ́ rà. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n rí èyí tí ẹ ń lò.” Wọ́n tú ọ̀rá dúdú. Páálí méjì, àwọ̀ ọ̀tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀, amlodipine 10 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni méjèèjì! Ọsibítù fún wọn ní ọ̀kan, wọ́n ra èkejì ní kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ilé. Oògùn yẹn gan-an a máa wú èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, mo kọ ìwé sí dókítà wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá dé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti mángòrò lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ní ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ṣòfò lọ́jọ́ náà, n kò sì ta nǹkan kan. Òótọ́ ni, n kò tà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: oògùn tí a ò jẹ́ kí aláìsàn rà, ta ló ń san owó rẹ̀ fún wa?

*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀yọ́ lèmi wà. Ọ̀gá tèmi kì í ṣe ahun, ọjà ló wọ́n. Látìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ti kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, tí náírà sì já wálẹ̀, oògùn ìfasímú fún ikọ́ semísemí di góòlù. Owó tó fi ń kó páálí kan tẹ́lẹ̀ kò kó ìdajì mọ́, ibo ni yóò ti rí àfikún owó oṣù mi? Àwa mẹ́rin la jọ jáde ní yunifásítì. Méjì ti wà ní Ìlú Ọba.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe kọ ìwé sí dókítà yẹn tí kò fi bínú? Ìyá kan jókòó níwájú mi báyìí, páálí méjì ló wà lọ́wọ́ tiwọn náà.